Orúkọ Yermil Kò Sí Nínú Ìwé

Agafya kò ka ìwé náà dé ìdajì tó fi ṣí ẹnu ààrò, tó sì jù ú sínú iná. Ìwé pẹlẹbẹ ni, ojú ewé mẹ́rìnlá péré, wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sára èèpo rẹ̀ pé: Ìtàn Ilé Zotov ti Tula, Ogójì Ọdún Lẹ́nu Iṣẹ́ Dùùrù Ẹwìrì. Iná kọ́kọ́ lá a létí bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, kó tó gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n!" Prokhor ké. Ó na ọwọ́ sí i, ó tún yára fà á padà nítorí ẹ̀wù tuntun tó wọ̀. "Kí lẹ ṣe yìí? Ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé láàárọ̀ yìí!"

"Ẹ̀dà mélòó lo ní kí wọ́n tẹ̀?"

"Irinwó."

"Lọ kó ìyókù wá. Iná ṣì ń jó."

Ẹni tó bá rí Agafya lọ́jọ́ náà kò ní gbà pé ó ti pé ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ayùn kékeré tó fi ń fá irin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mì í lójú àbúrò rẹ̀. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń fá ahọ́n irin inú dùùrù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ahọ́n méjì ló máa ń wà fún ohùn kan. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á fá ọ̀kan kí ohùn rẹ̀ ga ju ti èkejì lọ díẹ̀, kí ohùn náà lè máa gbọ̀n bí ohùn ẹni tí ẹkún fẹ́ẹ́ gbé. Fá a jù, ó di ariwo. Má fá a tó, ó di òkú. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n fá bí Agafya ní gbogbo Tula, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pọ̀.

Ohun tó ń bí i nínú kò ṣòroó yé ni. Kí dùùrù Zotov tó dáyé, bí o bá fa ẹwìrì, bọ́tìnnì kan á fọ ohùn kan. Bí o bá tì í padà, bọ́tìnnì yẹn náà á fọ ohùn mìíràn. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á máa sá kiri bí ẹni tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ronú, ó ṣe dùùrù tí ohùn rẹ̀ kì í yí padà: fà á, tì í, ohùn kan náà ni. Láti Moscow títí dé Siberia ni wọ́n ti ń wá rà á. Ìwé Prokhor sọ pé Luka Zotov, bàbá wọn, ni ọgbọ́n náà sọ̀kalẹ̀ sí lórí nígbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà.

"Àdúrà!" ni Agafya wí. "Bàbá ta ló ń gbàdúrà? Bàbá tiwa? Ọkùnrin tó ń sùn bí àlùfáà bá ti la ẹnu?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bú òkú."

"Mi ò bú u. Mò ń bú ìwọ. Yermil ló ṣe dùùrù yẹn. O mọ̀, mo mọ̀, gbogbo ajá àdúgbò yìí mọ̀. Ojú ewé mẹ́rìnlá! O ráyè kọ orúkọ ẹṣin tí bàbá wa rà lọ́jà, o ò ráyè kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Prokhor jókòó. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ó sanra, kò burú lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí gbogbo ènìyàn máa rẹ́rìn-ín sí òun. "Ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n bàbá wa para ẹ̀. Àlùfáà, Bàbá Nikandr, ò ní ka orúkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìsìn ìrántí ọ̀sán òní, aṣojú gómìnà á sì wà níbẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn, tí kò sí nínú ìwé òkú, wọ́n á béèrè. Kí ni mo fẹ́ wí?"

Ilé kọ̀ọ̀kan ní Tula ló ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú wọn sí. Díákónì ló ń kà á nígbà ìsìn ìrántí, orúkọ tó bá kà ni gbogbo ìjọ á fi àmì àgbélébùú gbàdúrà fún. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀ kì í wọ inú ìwé náà. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ń sin ín sí, láìlu agogo, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe sin Yermil. Nígbà tí Agafya wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, Luka gbá a létí débi pé ṣíbí fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti kórìíra bàbá rẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀ nígbà tó wà láyé, kò sì dẹwọ́ nígbà tó kú.

"Ó para ẹ̀," ni Agafya wí. "Ó dáa. Ṣé ìyẹn sọ pé kò lọ́wọ́ ni? Ṣé òkú ẹ̀ ló ṣe dùùrù ni?"

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?" Sùúrù Prokhor ti tán. "Ẹ lọ bá Fevronya alágbàfọ̀ létí odò! Òun ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá wá fẹnu ara ẹ̀ sọ fún Bàbá Nikandr pé ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́ tó fi kó sódò, èmi fúnra mi ni màá kọ orúkọ ẹ̀ sí i."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ju eegun fún ajá kí ajá lè jẹ́ kí òun kọjá. Ṣùgbọ́n Agafya ti ń so ìborùn rẹ̀.

Kò dá àwọn tó ń kí i lójú pópó lóhùn. "Ẹ kú ọdún ilé yín o, Agafya ọmọ Luka!" ni obìnrin tó ń ta búrẹ́dì oyin kí i. Ó kọjá lára rẹ̀ bí ìjì. Oòrùn mú gan-an, àwọn alágbẹ̀dẹ ń lu bàbà, ariwo wọn sì ń pọ̀ mọ́ èyí tó wà nínú orí rẹ̀. Irọ́ ló fẹ́ lọ bẹ Fevronya kó pa, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú kò sì tì í. Òun alára mọ òótọ́. Ó ti rí Yermil kẹ́yìn: ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù awọ àgùntàn, dùùrù wà lábíyá rẹ̀, ó wò ó, ó pe orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, ó ní, "Agasha, mò ń lọ o. Mi ò ní padà mọ́." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Agafya nígbà náà. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá ọlọ́pàá bó ṣe rí i gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà náà bí àpá iná. Ṣùgbọ́n bí irọ́ ìyá arúgbó kan bá lè dá orúkọ ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ padà, kí ìyá náà pa á. Wọ́n ti parọ́ tó burú ju ìyẹn lọ sójú ewé mẹ́rìnlá.

Fevronya wà lórí pákó tó yọ sínú odò Upa, ó ń fi igi lu aṣọ ìbùsùn ẹlòmíràn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ọwọ́ rẹ̀ pupa bí ata. Ó rí Agafya, kò sì dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Igi ń dún lára aṣọ.

"Agafya ni. Ọmọ Luka."

"Mo mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Ogójì ọdún la ti jọ wà ní ìlú yìí tó ò kí mi."

"Ẹ̀yin náà kì í kí mi."

"Ó yẹ kí n kí ẹ ni?"

Agafya gbé ìyẹn mì. Kò rọrùn fún un, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó tútù náà, ó sọ ohun tó gbé e wá: ìwé Prokhor, ìsìn ọ̀sán, orúkọ tí kò sí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àlùfáà pé ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló kù tó fẹ́ jà sí i?"

Fevronya gbé igi rẹ̀ kalẹ̀. "O mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹsẹ̀ ò yọ̀ ọ́ lóòótọ́," ni Fevronya wí, ó sì rẹ́rìn-ín kan tí kò dára létí. "Yìnyín ló là. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń dán dùùrù wò láyé ìgbà yẹn? Yermil ní gbogbo dùùrù ló dùn nínú yàrá. Kéèyàn gbé e lọ sí gbangba kó gbọ́ bóyá ó ṣì ń gbọ̀n. Ìgbà tí yìnyín bá fẹ́ẹ́ yọ́, tí afẹ́fẹ́ rọ̀, ìgbà yẹn ló ní ohùn ń lọ jìnnà jù. Àwọn onídùùrù! Wọ́n á gbọ́ ohùn tó ṣìnà níbùúsọ̀ méjì, wọn ò ní gbọ́ yìnyín tó ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn. Ó wà lórí yìnyín láàárín odò lọ́hùn-ún. Èmi dúró síbí. Bí mo bá gbọ́ ìgbọ̀nrìrì ohùn náà, kí n ju ìborùn sókè. Mo jù ú, ó fẹ̀yìn rìn, ó lọ síwájú sí i. Mo tún jù ú, ó tún lọ. Ẹ̀rín ló ń rín, mò ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ nínú orin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo jù ú. Èmi ni mo ń sọ fún un pé kó máa lọ."

Odò Upa ń ṣàn lọ lábẹ́ pákó, pẹ́pẹ́yẹ méjì ń wẹ̀ nínú rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ nígbà yẹn?" Ohùn Agafya ti ga. "Ogójì ọdún! Ẹ mọ èyí, ẹ dákẹ́!"

"Mo dákẹ́?" Fevronya dìde. Omi ń kán sílẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. "Mo dákẹ́, ìwọ ọmọ yìí? Mo sọ fún ọlọ́pàá. Mo sọ fún àlùfáà tó wà níbẹ̀ ṣáájú èyí. Mo dúró lẹ́nu ilé ẹjọ́ ọjọ́ mẹ́rin nínú òjò dídì. Wọ́n ní ìwé ìhágún ni mò ń gbèjà. Ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yermil ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ló ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ló ni irinṣẹ́, èmi ló ni òǹtẹ̀ tó ń tẹ̀ sára iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé omi ló gbé e, tèmi ni gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó para ẹ̀, ìwé náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àbúrò ẹ̀ ló ń jogún. Òfin ọba ni. Luka ò mọ ìwé kà dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ òfin yẹn."

Ara Agafya gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó sì dùn mọ́ ọn díẹ̀, ká má purọ́. Ohun tó ti ń fura sí nípa bàbá rẹ̀ láti ìgbà èwe nìyí, ó burú ju bó ti rò lọ. "Olè," ni ó wí. "Olè ni bàbá mi. Òun ló parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n ara ẹ̀."

"Luka ò sọ nǹkan kan," ni Fevronya wí. "Luka jókòó, ó ń sunkún. Ìwọ lo sọ ọ́."

"Ohun tí mo rí ni mo sọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní..."

"Ẹnu ọ̀nà wo? O ò sí ní Tula."

"Èmi kẹ̀?" ni Agafya wí.

"Èéyi ń ṣe ẹ́. O wà lọ́dọ̀ ìyá ìsàmì ẹ ní Krapivna láti ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Èmi ni mo fọ aṣọ tí wọ́n dì fún ẹ. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n yọ òkú lábẹ́ afárá ni bàbá ẹ lọ fi ọkọ̀ yìnyín tí ẹṣin ń fà gbé ẹ wá, ó sì gbé ẹ lọ tààrà sọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá. Mo wà níbẹ̀. O dúró pẹ̀lú ojú tó ṣì kún fún èéyi, o kà á bí àkọ́sórí."

"Irọ́ ni," ni Agafya wí, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ kéré. Ó padà sínú ìrántí náà láti lọ mú ẹ̀rí wá. Yermil dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ẹ̀wù awọ àgùntàn. Ṣùgbọ́n Yermil kò ní ẹ̀wù awọ àgùntàn. Luka ló ni í. Ó gbọ́ ohùn náà, "mò ń lọ o, mi ò ní padà mọ́," ohùn Luka ni, ó súnmọ́ etí rẹ̀, bí ohùn ẹni tí ẹ jọ jókòó nínú ọkọ̀, tó ń sọ pé ó kù díẹ̀, tún un sọ, ọmọ dáadáa. Ojú ọ̀nà funfun láti Krapivna. Búrẹ́dì oyin wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́, odidi, òun nìkan ló ni í, kò bá ẹnikẹ́ni pín in. Wọ́n ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo mọ́.

Ó jókòó sórí pákó.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ́," ni Fevronya wí. Ó ti mú aṣọ mìíràn. "Mi ò bínú sí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àgbàlagbà tó dé lẹ́yìn ẹ̀, tí ò béèrè rí, òun ni mò ń bínú sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tiyín ti lọ lógójì. Ẹsẹ̀ ti ń ro òótọ́ tèmi."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá àlùfáà, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Láéláé. Mo ti sọ tèmi lẹ́ẹ̀kan. Kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ mi, aṣọ olóṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì rèé, ó fẹ́ lò ó lálẹ́."

Agafya gun òkè padà. Ó ń wá ibi tó máa gbé ìbínú rẹ̀ sí, kò rí. Ó gbé e fún Luka, ó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún padà wá. Ó gbé e fún Prokhor, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni Prokhor nígbà náà. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, agogo ti ń dún, àwọn kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti kún iwájú.

Bàbá Nikandr wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́, ó ń wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, Prokhor sì ń bá a di okùn. Arúgbó ni àlùfáà náà, eegun orókún sì máa ń dùn ún, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Agafya kò sì fà á gùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láàárín ìgbà tí wọ́n fi so okùn apá òsì.

"Mo ti ka ìwé ẹjọ́ yẹn," ni àlùfáà wí. "Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló lé Yermil kúrò nínú ìwé òkú: Agafya, ọmọ Luka, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ṣé ìwọ náà lo wá ń sọ pé irọ́ ni?"

"Èmi náà ni, Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n." Ojú Prokhor ti funfun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ro ó. Bẹ́ẹ bá sọ ìyẹn síta, ẹ ti sọ pé a jogún ohun tí kì í ṣe tiwa."

"A jogún ohun tí kì í ṣe tiwa, Prokhor. Mo sọ ọ́ o, mi ò sọ ọ́ o, bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Kí wọ́n kàn ka orúkọ ẹ̀ wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa fiyè sí i! Bàbá, àbí?"

Àlùfáà mi orí. "Ojú ìlú ni wọ́n ti pa irọ́ yẹn. Mi ò lè gba òótọ́ ẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Níwájú àgbélébùú, lójú gbogbo wọn, lẹ́yìn náà màá kọ ọ́, màá sì fi tó bíṣọ́ọ̀bù létí. Bó bá bínú, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni." Ó wo Agafya. "Wọ́n á máa nàka sí ẹ títí o fi máa kú. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó rò pé òun mọ̀. Ó dúró níwájú tábìlì tí wọ́n gbé àlìkámà olóyin àwọn òkú sí, àbẹ́là tó wà lórí rẹ̀ ń jó, ilé Ọlọ́run kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, àwọn tó ń fá irin, àwọn tó ń lẹ ẹwìrì, aṣojú gómìnà pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ń dán. Ó la ẹnu.

"Èmi Agafya, ọmọ Luka Zotov. Ní ogójì ọdún sẹ́yìn mo sọ fún ọlọ́pàá pé Yermil, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, dágbére fún mi pé òun ń lọ kú. Mi ò rí i. Mi ò sí ní ìlú. Mo parọ́. Fevronya alágbàfọ̀ ló rí i, yìnyín là lábẹ́ ẹ̀ níbi tó ti ń dán dùùrù wò, Fevronya sì sọ ọ́, a ò gbà á gbọ́ nítorí pé nínú irọ́ yẹn la ti ń jẹun. Dùùrù tẹ́ ẹ torí ẹ̀ wá síbí lónìí, Yermil ló ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù tá a sì ti ń ṣe é, ti Fevronya ni."

Ó ti múra sílẹ̀ de ariwo. Ó ti múra sílẹ̀ de ìtọ́ pàápàá. Ẹnì kan wúkọ́. Obìnrin kan sọ nǹkan sétí ọkọ rẹ̀. Aṣojú gómìnà wo agogo àpò rẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan láàárín àwọn tó ń fá irin yọ fìlà rẹ̀ tó ti gbàgbé lórí, ó fi àmì àgbélébùú sára, kò sì wo Agafya rárá. Bàbá Nikandr mú lẹ́ẹ̀dì, ó kọ orúkọ kan sí etí ìwé òkú ilé wọn, ó nà án sí díákónì.

"Zot," ni díákónì kà, "Marfa, Yermil, Luka, Ustinya..."

Kò dúró lórí rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè níbẹ̀, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìjọ fi àmì àgbélébùú sára bí wọ́n ti ṣe fún Marfa, wọ́n sì ṣe é fún Luka lẹ́yìn náà. Kò gùn ju èémí kan lọ. Agafya dúró síbẹ̀. Ó ronú nípa gbogbo ìgbà tó fi bú bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, nídìí iṣẹ́, lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀ pàápàá, tí gbogbo ilé á ní Agafya mà fẹ́ràn Yermil o. Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ráyè bi í léèrè pé níbo ni òun wà lọ́jọ́ náà. Òun alára kò ráyè.

Prokhor wá dúró tì í. Omijé wà lójú rẹ̀, kò sì jọ ti àánú. "Ẹ ti tú ilé wa ká," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣé ọkàn yín wá balẹ̀ báyìí?"

"Rárá," ni Agafya wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí mò ń bínú sí ni."